Omi wọlé wa l'Ájàṣẹ́, 5000 sẹ́fà ni mo ní

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin): Ẹ kú ilé o. Lóru àná, omi ọ̀sà wọlé wa dé orúnkún. Gààrí bàjẹ́, ìwé ìbí àwọn ọmọ rin gbingbin. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Bàbá Kétu: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ẹ má tíì náwó. Ẹ sá ìwé yẹn gbẹ, ẹ wé e sínú ọ̀rá méjì, ẹ so ó kọ́ àjà. Kẹ́ẹ̀gì òróró tó ṣófo, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ rọ omi mímu sí i.

Ìyá Àgbà, Ṣábẹ̀ẹ́: Ọmọ mi, ìgbẹ́ gbuuru ni kí o ṣọ́ra fún. Ra ṣúgà àti iyọ̀, kí o fi po omi tí ẹni tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru máa mu. Ṣíbí tíì ṣúgà 6, ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, sínú omi sísè lítà 1. Fi ọ̀bẹ gé èyí tó bá ga lórí ṣíbí kúrò, kó tẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé, ìyá mi. Mo ti fi ẹfun kọ 118, nọ́ńbà àwọn panápaná, sára ilẹ̀kùn.