Punarnava: Asọdọ̀tun àbí Atúndọ̀tun?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìtumọ̀ ìwé Ayurveda, ìṣègùn ìbílẹ̀ Íńdíà, tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, níbi tẹ́ ẹ ti pe ewé Punarnava ní "Asọdọ̀tun", tẹ́ ẹ ní torí pé ó ń sọ ara aláìsàn dọ̀tun ni. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ ọn.

Lédè Sánskrítì, èdè àtijọ́ Íńdíà, punar ni "tún" tiwa, nava ni "tuntun". Kò sí "sọ" níbẹ̀ rárá. Ewé yẹn fúnra ẹ̀ ló ń dọ̀tun: tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú ní Íńdíà, gbogbo òkè ẹ̀ á gbẹ dànù, ẹ ó rò pé ó ti kú, àmọ́ gbòǹgbò ṣì wà nílẹ̀, tójò bá sì ti bẹ̀rẹ̀ báyìí ó ti tún yọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n tún fi ń pè é ní varshabhu, ọmọ tójò bí. Atúndọ̀tun ni tèmi. Ẹnì kan ní ká pè é ní Atúndé, bíi Babátúndé, ó dùn lẹ́nu lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó tún dé lè dé tòun ti ogbó ẹ̀, "tuntun" inú ọ̀rọ̀ náà ti sọnù nìyẹn.

Iṣẹ́ tó ń ṣe lára èèyàn, orúkọ míì ló gbé e: shothaghni, apawíwú. Ẹsẹ̀ wíwú, ojú wíwú, ikùn tómi kún, wọ́n á se gbòǹgbò ẹ̀ fún èèyàn mu kí ìtọ̀ lè máa wá dáadáa. Tẹ́jẹ̀ ò bá tó lára, wọ́n á pò ó mọ́ ìdàrọ́ irin tí wọ́n ti jó, wọ́n á fi ìtọ̀ màlúù sè é, punarnava mandura nìyẹn. Ìdàrọ́ o, ẹ bá mi yọ "ìpẹtà" tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ewé yìí kì í ṣe àjèjì, ètìpọ́nlá wa ni! Láàárọ̀ àná mo fa ọ̀kan tu lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, gbòǹgbò ẹ̀ ki bí ìka, ẹ̀yìn ewé ẹ̀ funfun díẹ̀, òdòdó pínńkì tí ò ju orí ìṣáná lọ, èso ẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò mi títí mo fi wọlé. Àwọn olórìṣà ní Cuba ṣì ń pe irú ẹ̀ ní atiponlá. Ṣé ká wá jẹ́ kí ọmọ Yorùbá ka odindi ìwé kó má mọ̀ pé ewé ẹ̀yìnkùlé wọn là ń sọ?

Ètìpọ́nlá ni kẹ́ ẹ kọ jálẹ̀, kẹ́ ẹ fi Atúndọ̀tun ṣàlàyé orúkọ Sánskrítì lẹ́ẹ̀kan péré níbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ Punarnava funfun tẹ́ ẹ mẹ́nu bà nísàlẹ̀, ewé míì tó yàtọ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò fún ìyẹn, ẹ má pe òun ní ètìpọ́nlá.