Iṣẹ́ tí gpm ń ṣe: ògbufọ̀ ni àbí ajíṣẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, gbogbo ilé. Lánàá, ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé, nínú ìwé ìlò gpm tí a fẹ́ túmọ̀ (ètò tó ń jẹ́ kí máòsì ṣiṣẹ́ nínú Linux níbi tí kò sí ojú aláwòrán), kí a máa pe máòsì ní "atọ́ka", kí a sì máa fi "ògbufọ̀" pe ohun tí gpm ń ṣe bí a bá fi -R sí àṣẹ rẹ̀, ìyẹn àmì tó ní kó máa fi ọ̀rọ̀ máòsì ránṣẹ́ sí ètò mìíràn. Mo gba apá kan, n kò gba apá kejì.

Ká mú atọ́ka ṣáájú. Nínú Linux, máòsì kan lè ní atọ́ka méjì. Ẹ tẹ Ctrl, Alt àti F3 pọ̀, ojú dúdú tí a ń kọ àṣẹ sí á yọ. Bí gpm bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ó rí búlọ́ọ̀kù kékeré kan tó ń rìn lórí lẹ́tà. Ẹ padà sí ojú aláwòrán, ọfà lẹ ó bá níbẹ̀. Bí a bá wá fi atọ́ka pe ohun tó wà lọ́wọ́ wa, kí la ó pe àwọn méjì tó ń rìn lójú kọ̀ǹpútà? Máòsì ni àwọn tó ń tà á ń pè é, àwọn kan sì fẹ́ èkúté. Èyí tẹ́ ẹ bá mú, mo bá yín mú un. Ẹni tó bá sì rò pé èkúté ń tàbùkù rẹ̀, kó bi àwọn ará wa ní Benin: souris tí Faransé ń pè é, èkúté náà ni.

-R gan-an ló gba àròjinlẹ̀. Láyé XFree86, ìyẹn ẹ̀yà àtijọ́ X, ètò tó ń gbé ojú aláwòrán jáde, àwọn máòsì kan wà tí kánẹ̀lì (ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ) kì í jẹ́ kí ètò méjì ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí gpm bá ti dì í mú, X á bá ilẹ̀kùn ní títì. Nítorí náà, gpm nìkan ló ń gbọ́ tẹnu máòsì, á wá kó ohun tó gbọ́ sínú /dev/gpmdata kí X lọ kà á níbẹ̀. Ọ̀nà méjì ló sì lè gbà kó o.

Bí ẹ bá kọ gpm -m /dev/psaux -t ps2 -R msc, báìtì 3 (ẹyọ dátà kéékèèké) ni máòsì fi ń sọ ìrìn rẹ̀ lédè PS/2, ìyẹn ìlànà tó fi ń to dátà rẹ̀. Gpm á gbọ́ ọ, á tún un sọ lédè Mouse Systems (òun ni msc), tó jẹ́ báìtì 5. Ògbufọ̀ pọ́ńbélé nìyẹn, ẹ̀gbọ́n ló jàre níbẹ̀. Kódà, bó ṣe ń ṣe ògbufọ̀ ló ń ṣe é: Mouse Systems kò ní ọ̀rọ̀ fún kẹ̀kẹ́ kékeré tí à ń fi ìka yí láàárín máòsì, nítorí náà bí máòsì tilẹ̀ ń fi èdè mìíràn sọ yíyí rẹ̀ fún gpm, kò ní dé ọ̀dọ̀ X.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ -R raw, gpm kò ní túmọ̀ ohunkóhun. Báìtì tó gbà náà ni á fà lé X lọ́wọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá rán an níṣẹ́ ẹrú, kò ní fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ta ló ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ògbufọ̀? Mo ro "gbohùngbohùn" wò, mo fi í sílẹ̀, torí ẹni tó ké ni gbohùngbohùn ń dá lóhùn, X kọ́ ló sì ké. "Agbàwí" ńkọ́? Lọ́yà ti gbà á. Ajíṣẹ́ ni mo mú.

Àbúrò mi kan ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn lásán. Ó fi raw sí gpm lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, ó wá kọ "MouseSystems" sínú XF86Config, fáìlì tí à ń fi sọ fún X irú èdè tí máòsì ń sọ. Lójú dúdú, kò sí wàhálà. Bó ṣe wọ ojú aláwòrán báyìí, ọfà fò lọ sí igun kan, ó há síbẹ̀, àwọn nǹkan sì ń ṣí fúnra wọn bí ẹni pé ẹnì kan ń tẹ̀ wọ́n. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé títí, kò yé e. Ìgbà tí mo sọ pé, "Ajíṣẹ́ lo rán, ògbufọ̀ lò ń retí," ó dákẹ́ díẹ̀, ó pa MouseSystems rẹ́, ó kọ "PS/2". Ọfà jókòó jẹ́ẹ́.

Láti kánẹ̀lì 2.6 tó jáde ní 2003, gpm àti X lè jọ ṣí /dev/input/mice, kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni máa jíṣẹ́ fún èkejì mọ́. Ṣùgbọ́n -R ṣì wà nínú ìwé ìlò gpm, ìwé ọ̀hún la sì fẹ́ túmọ̀. Àbá mi ni pé ká kọ "iṣẹ́-jíjẹ́" fún -R lápapọ̀, ká wá sọ lábẹ́ rẹ̀ ibi tó ti ń di ògbufọ̀. Mo sì ti ń pe PS/2 àti Mouse Systems ní "èdè" látòkè wá. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jọ̀ọ́, kó mú un wá.