Lórí ‘òṣèrékọrin’ àti orúkọ tó yẹ Zhou Xuan

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làákàyè.

Mo ti ka gbogbo ohun tí a ti sọ lórí ‘òṣèrékọrin’. Ẹni tó dá ìjíròrò yìí sílẹ̀ fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé Zhou Xuan, obìnrin ará Ṣáínà tó ṣe fíìmù tó sì kọrin ní Shanghai láti àwọn ọdún 1930 sí ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ó ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí yóò kó iṣẹ́ méjèèjì mọ́ra. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá ‘òṣèrékọrin’, ó ní ó ti tó. Ẹlòmíràn ní kí a kúkú kọ ‘ìràwọ̀ fíìmù’. Ẹnì kẹta ní ọ̀rọ̀ Òyìnbó ni ìràwọ̀ yẹn, kí a má gbà á wọlé. Èmi kò fara mọ́ ‘òṣèrékọrin’, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹni tí a fẹ́ sọ lórúkọ yìí.

Ilé rẹ̀ gan-an ló ṣòro wò. Ìpínlẹ̀ Jiangsu ni wọ́n bí i sí ní 1920, Su Pu sì ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ó ṣì kéré nígbà tí ìbátan kan tó ń fa oògùn olóró òpíọ́mù gbé e kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀. Ó dé ìdílé Wang, ó di Wang Xiaohong. Ó tibẹ̀ dé ìdílé Zhou, ó di Zhou Xiaohong. Ìgbà tó wọ ẹgbẹ́ olórin àti oníjó tí Li Jinhui dá sílẹ̀ ní Shanghai ló tó di Zhou Xuan. Títí tó fi kú ló ń wá àwọn tó bí i. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tó mọ ìdílé tó ti wá. Mo bẹ ẹni tó fẹ́ kọ ìtàn yìí pé kó má to àwọn orúkọ náà jọ bí ẹni ń ka ìwé ìjọba. Yorùbá mọ orúkọ àbísọ yàtọ̀ sí orúkọ tí alágbàtọ́ fúnni, ó sì mọ méjèèjì yàtọ̀ sí ìnagijẹ. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a nílò ti wà nílẹ̀, kí a lò wọ́n, kí òǹkàwé lè rí i pé ọmọ tí wọ́n ń gbé láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni.

Nísinsìnyí, iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1937 ó kópa nínú fíìmù Malu Tianshi (‘Áńgẹ́lì Òpópónà’) tí Yuan Muzhi darí. Orúkọ ẹni tó ṣe nínú rẹ̀ ni Xiaohong, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ní kékeré. Ọmọbìnrin tó sá kúrò ní àríwá ìlà-oòrùn Ṣáínà ni, níbi tí àwọn ọmọ ogun Japan ti gbà ní 1931. Ó ń kọrin fún àwọn oníbàárà nílé tíì, àwọn tó gbà á tọ́ sì ń wá bí wọ́n ṣe máa tà á fún jàǹdùkú kan. Níbi tó ti ń kọ orin ìgbà mẹ́rin inú ọdún, ó di ìdí irun dídì rẹ̀ mú, ó ń fi ìka yí i, ojú rẹ̀ kò sí lára àwọn tó ń gbọ́ ọ, bí ẹni tí iṣẹ́ ti sú. Orin ń lọ lọ́wọ́, àwòrán ogun sì ń kọjá lójú wa. Wọ́n tún kọ ọ̀rọ̀ orin náà sí ìsàlẹ̀ àwòrán, bọ́ọ̀lù kékeré kan ń fò láti orí ọ̀rọ̀ kan sí èkejì kí èrò ìwòran lè bá a gbè é. He Luting ló ṣe ohùn orin, Tian Han ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ wá sọ fún mi: ní àkókò yẹn, ṣé eré ló ń ṣe ni àbí orin ló ń kọ? Ìbànújẹ́ orin náà wà ní ọwọ́ tó ń yí irun yẹn. Kò sí ibi tí ọ̀bẹ lè gbà láàárín méjèèjì.

Ìdí nìyẹn tí ‘òṣèrékọrin’ kò fi tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ wo bí èdè wa ṣe ń so ọ̀rọ̀-ìṣe méjì pọ̀ di orúkọ. Agbẹjọ́rò gba ẹjọ́ kó lè rò ó. Fíìmù àgbéléwò ni èyí tí a gbé inú ilé wò. Ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́ ló ń la ọ̀nà fún èkejì. Etí Yorùbá tó bá gbọ́ ‘òṣèrékọrin’ yóò kọ́kọ́ rò pé ẹni tó ń ṣeré kó lè ráyè kọrin ni, tàbí ẹni tó ń fi eré kọrin. Kò ní gbọ́ ọ bí ẹni tó mọ méjèèjì ṣe. Ẹ̀gbọ́n wa tó dá a lábàá ṣe iṣẹ́ ọpọlọ, mo sì kí i, àmọ́ gírámà kò gbè é.

Kí ni ‘eré’ gan-an? Lóde ìnáwó, bí àwọn onílù àti olórin bá dé, a ó ní eléré ti dé. Olórin jùjú yóò sọ pé òun lọ ṣeré ní Ìbàdàn, kò sì sẹ́ni tí yóò bi í pé fíìmù wo ni. Hubert Ògúndé tó dá ẹgbẹ́ tíátà rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945 kò ya orin sọ́tọ̀ kúrò lára eré; orin ni wọ́n fi ń ṣí i, orin náà ni wọ́n fi ń pa á dé. Ọ̀rọ̀ ‘eré’ gba Zhou Xuan láyè tinútinú.

Àbúrò wa obìnrin kan ti sọ níbí pé lónìí, bí ènìyàn bá ní ‘òṣèré’, onítíátà nìkan ni òǹkàwé máa rò. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí èyí fẹ́ ni pé kí a fi gbólóhùn ràn án lọ́wọ́: òṣèré sinimá tó tún jẹ́ olórin. Gígùn rẹ̀ kò ba nǹkan kan jẹ́. Àwọn ará Ṣáínà òde òní ní ọ̀rọ̀ kan, shuangqi, tí wọ́n fi ń júwe ẹni tó ń gbé nínú iṣẹ́ méjèèjì, bí ẹ̀dá tó ní ibùgbé méjì. Bí a bá tú ìyẹn báyìí fún Yorùbá, àdán ni wọn yóò rántí, tí kò ṣeku tí kò ṣẹyẹ, ìyìn yóò sì di èébú.

Ti ‘ìràwọ̀’, ẹ má jẹ́ kí a dá Òyìnbó nìkan lẹ́bi. Mingxing ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Ṣáínà: ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀. Gexing ni ti olórin. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé ọ̀rọ̀ náà ti ní iṣẹ́ mìíràn lọ́dọ̀ wa. Bí a bá ní ìràwọ̀ ẹnì kan ń tàn, orí rẹ̀ la ń sọ, pé ayé ń yẹ ẹ́. Òkìkí Zhou Xuan kàn lóòótọ́, bíi 40 fíìmù àti orin tó tó 200, àmọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú Yan Hua tú ká ní 1941, àìsàn ọpọlọ gba ọ̀pọ̀ nínú ọdún ìkẹyìn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kú ní Shanghai ní September 1957, kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Gbajúmọ̀ ló yẹ ẹ́. Igba ojú ló mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ náà kò sì sọ ohunkóhun nípa bí ayé ṣe ṣe é.

Mo fẹ́ kí a ṣọ́ra fún genü pẹ̀lú. Kì í ṣe gexing. Genü ni ọmọbìnrin tó ń kọrin nílé tíì tàbí nílé ọtí fún owó, tí àwọn ènìyàn ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, bí àwọn òbí ṣe máa ń pe àwọn onítíátà ìgbà kan ní alágbe. Xiaohong inú fíìmù jẹ́ genü. Zhou Xuan tó ń ṣe é jẹ́ gexing. Ẹni tó bá pe méjèèjì ní ‘akọrin’ ti pa ìyàtọ̀ tí fíìmù náà dúró lé lórí rẹ́. Bákan náà ni huangse, ‘aláwọ̀ yẹ́lò’, tí wọ́n fi bú orin irú tirẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn Kọ́múnísìtì gba ìjọba ní 1949: bí a bá tú àwọ̀ náà nìkan, òǹkàwé kò ní mọ̀ pé ìṣekúṣe ni wọ́n ń sọ.

Ìnagijẹ rẹ̀ ló kù. Jin sangzi, ‘ohùn wúrà’, ni wọ́n ń pè é láti ìgbà tó gba ipò kejì nínú ìdíje orin kan ní Shanghai ní 1934. Ẹnì kan dábàá ‘olóhùn iyọ̀’. Mo mọ̀ pé ó dùn létí wa, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó ga, ó ń dán, makirofóònù ló bá a mu. Iyọ̀ kò sọ ìyẹn. Ìnagijẹ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fún un ni, wúrà sì ni wọ́n pè é. Kí a fi wúrà sílẹ̀ níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ kọ ọ́, báyìí ni n ó ṣe bẹ̀rẹ̀: “Zhou Xuan, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Su Pu, tí wọ́n sì ń pè ní Olóhùn Wúrà, jẹ́ gbajúmọ̀ òṣèré sinimá àti olórin ní Shanghai.” Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó gbé e wá, mo ṣetán láti gbà á.