Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì àtijọ́ tí a sọ di sáfà: ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìrírí yín

Ọmọ Ajílété (Ògbómọ̀ṣọ́):
Ẹ kú ìjókòó o. Kẹ́mísì kan wà nítòsí Tákìé tí mo máa ń bá tún kọ̀ǹpútà ṣe. Inú ìwé ni wọ́n ń kọ ọjà sí. Ẹni tó ń gbowó kì í mọ̀ bóyá oògùn kan ṣì kù ní yàrá ẹ̀yìn àfi tó bá dìde lọ wò ó. Mọ́mì tó ni ibẹ̀ gbọ́ iye tí wọ́n ń ta sáfà tuntun (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ tí àwọn kọ̀ǹpútà tó kù jọ ń lò), ni wọ́n bá ní káwọn máa bá ìwé lọ. Mo ní, "Mà, kò le tó bẹ́ẹ̀. Dell OptiPlex 7010 tòkúnbọ̀, ti ọdún 2012, á ṣe é."

Irú wọn pọ̀ nílẹ̀. Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró lọ́jọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 kò sì gbà wọ́n: ṣíìpù Intel ìran kẹta ló wà nínú wọn, ìran kẹjọ sókè ni Windows 11 ń fẹ́. Debian, ètò tí mo gbé sórí rẹ̀ dípò Windows, ò béèrè ìyẹn, kò sì gba kọ́bọ̀.

Nígbà tí mo ṣí i, eruku ti dì mọ́ fáànù bí òwú. Ìyẹn ò le. Bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 tó wà lára bọ́ọ̀dù ni kẹ́ ẹ fojú sí. Tó bá ti kú, gbogbo ìgbà tí NẸ́PÀ bá múná lọ ni aago kọ̀ǹpútà ń padà sí ọdún àtijọ́. Ní kẹ́mísì, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn: rìsíìtì á gbé déètì tí kì í ṣe tòní, oògùn tó ti kọjá ọjọ́ á sì dà bí èyí tó ṣì dára. Bátìrì náà ò wọ́n rárá. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ BIOS (ibi tí a ti ń ṣètò kọ̀ǹpútà kó tó tan tán), ẹ wá "AC Recovery", ẹ fi sí "Power On". Tí iná bá dé, á tan ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa lọ tẹ nǹkan kan. Ráúta kékeré àti wáyà ló so ó mọ́ àwọn kọ̀ǹpútà tó kù. Dátà tán o, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ o, ọjà ń tà. Iná tó ń jẹ ò ju nǹkan bí 30 wáàtì lọ tí iṣẹ́ ò bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, inverter kékeré á gbé e. SSD tuntun (irú dísìkì tó yára) ni mo ní kí Mọ́mì náwó lé. Mi ò lè kó àkọsílẹ̀ oníbàárà sórí dísìkì tí mi ò mọ ohun tójú rẹ̀ ti rí.

Bàbá Ìbejì (Ọ̀yọ́):
Òótọ́ lẹ sọ. Ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, lápá Akẹ́sán, HP àtijọ́ kan la fi ètò Samba sí, kí akọ̀wé àti akápò lè máa ṣí fáìlì kan náà. Dísìkì méjì ló ń gba ohun kan náà sílẹ̀, RAID 1, ọkàn wa sì balẹ̀. Àfi bí ẹnìkan ṣe pa fáìlì owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ́, ló bá kúrò lórí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Dísìkì àgbékiri tí akápò máa ń gbé lọ sílé ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló yọ wá. Ẹ má torí RAID sọ pé ẹ ò ní ṣe ẹ̀dà síbòmíràn.

Àdùkẹ́ (Under G, Ògbómọ̀ṣọ́):
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Èyí tí mo rà fún ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi, orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ni ín tẹ́lẹ̀ àti owó oṣù wọn ṣì wà lórí rẹ̀! Mo nu gbogbo rẹ̀ kí n tó lò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ta tiyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ nù ún. Òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ajílété, 7010 ni tèmi náà, 4GB RAM (iyè tó fi ń ṣiṣẹ́) ló ní. Ṣé ó lè gbé ètò ìṣirò owó fún kọ̀ǹpútà mẹ́ta?

Ọmọ Ajílété:
Àbúrò mi, sọ ọ́ di 8GB. RAM DDR3 ló ń lò, tòkúnbọ̀ rẹ̀ ò wọ́n. Tí kò bá wọlé dáadáa, gbé e wá sí Tákìé, màá bá ọ wò ó.