Àwo àkọ́kọ́ Fleet Foxes: kí ni etí yín gbọ́ níbẹ̀?

Oṣù kẹfà ọdún 2008 ni Fleet Foxes, ẹgbẹ́ olórin láti Seattle ní Amẹ́ríkà, gbé àwo àkọ́kọ́ wọn jáde lábẹ́ Sub Pop, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo orin jáde. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni wọ́n fi pe àwo ọ̀hún. Phil Ek ló bójú tó gbígba ohùn sílẹ̀. Orin mọ́kànlá ni, gbogbo rẹ̀ sì tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 39. Ohun tó kọ́kọ́ mú mi létí ni pé ohùn ẹnu ni wọ́n gbé gbogbo iṣẹ́ náà lé, kì í ṣe gìtá. “Sun It Rises” tó ṣí àwo fi ohùn lásán bẹ̀rẹ̀ kí gìtá tó yọjú. “White Winter Hymnal” tó tẹ̀ lé e tún wá hàn ju bẹ́ẹ̀ lọ: ohùn kan gbé ọ̀rọ̀ díẹ̀ sẹ́nu, kò tíì délẹ̀ tí òmíràn fi gbà á, òmíràn tún tẹ̀ lé e, wọ́n sì ń lé ara wọn lọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ìlù bá wọlé ni gbogbo wọn ń pàdé lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹsẹ kan péré ni orin yẹn ní, wọ́n kàn ń tún un kọ ni, síbẹ̀ kì í sú ni, torí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í dúró lójú kan.

Ẹni tó bá ń wá lílé àti ègbè níbẹ̀ kò ní tètè rí i. Kì í ṣe pé ẹnì kan ń lé, tí àwọn yòókù ń gbè. Gbogbo wọn jọ ń rìn ni, ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nísàlẹ̀.

* * *

Òótọ́ lẹ sọ lórí ohùn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi bò: ọ̀rọ̀ inú àwọn orin yìí ṣòroó gbọ́. Gbohùngbohùn (ìró tó ń padà dún bíi ti inú ihò, tí wọ́n ń pè ní reverb) tí wọ́n fi yí ohùn ká pọ̀ gan-an, débi pé ìparí ọ̀rọ̀ kan ṣì ń dún lọ́wọ́ tí èkejì ti dé. Mo gbà pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, torí òun ló jẹ́ kí ohùn èèyàn díẹ̀ dún bí ohùn ìjọ ńlá. Òun náà sì ni ẹ̀rọ tí kò dáa kọ́kọ́ ń bà jẹ́.

Fáìlì MP3 tó jẹ́ 128 kbps (kbps ni ìwọ̀n dátà tí fáìlì ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan) sábà máa ń gé ìró tó bá ga ju nǹkan bíi 16 kHz lọ, ìyẹn àwọn ìró tó tín-ín-rín jù. Ohùn tó yẹ kó máa rọra kú lọ á wá máa dún ṣììì, gbogbo rẹ̀ á dàrú mọ́ra. Ẹ wá èyí tó jẹ́ 320 kbps tàbí FLAC, irú fáìlì tí kì í gé nǹkan kan kúrò nínú ohùn. Sípíkà fóònù kò lágbára láti gbé ìlù tó wà nísàlẹ̀ pátápátá jáde, nítorí náà orin á fúyẹ́ ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Bí ẹ bá ki íyapíìsì bọ etí kan ṣoṣo, ohùn tí wọ́n gbé sápá kejì ti lọ nìyẹn. Bí kò bá sí bí ẹ ṣe lè ṣe é, ẹ wọ ibi ètò fóònù, kí ẹ tan “mono audio”, kí apá méjèèjì lè jọ wọ etí kan.

Ẹ pa bass boost. Ohùn tó wà nísàlẹ̀ ló máa ń mú wú, tí á sì bo ohùn àárín mọ́lẹ̀. Ẹ pa crossfade náà, torí ó máa ń da ìparí orin kan pọ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn, bẹ́ẹ̀ ìparí wà lára ohun tó dùn jù nínú àwo yìí. Ẹ gbọ́ bí “He Doesn't Know Why” ṣe fi dùrù kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ ó rí ohun tí mò ń sọ. Ní ti ọ̀rọ̀ orin, ẹ má gbé e síwájú nígbà àkọ́kọ́. Tí ojú bá ti ń ka ìwé, etí kò ní ráyè tẹ̀ lé ohùn àárín.

* * *

Àwọn tó ń sọ pé “gbogbo rẹ̀ ń dún bákan náà”, ohùn ni wọ́n ń gbọ́, wọn kò gbọ́ ìrìn orin. Ẹ gbé “Ragged Wood” sí i. Ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Igbe ló fi bẹ̀rẹ̀, ìlù sì ń sáré tete. Tó bá tó ìdajì, eré náà á rọlẹ̀, gìtá á mú ọ̀nà mìíràn, orin kejì á bẹ̀rẹ̀ nínú orin kan náà. Ibi ìsopọ̀ yẹn ni kí ẹ fetí sí, torí wọn kò fi ariwo bò ó. Gìtá nìkan ló mú yín sọdá.

Lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni “Tiger Mountain Peasant Song”, níbi tí Robin Pecknold, olórí akọrin wọn, àti gìtá rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá gbogbo iṣẹ́ ṣe. “Heard Them Stirring” kò ní ọ̀rọ̀ kankan, ohùn ni látòkè délẹ̀. “Your Protector” mú fèrè wọlé. Orin mẹ́rin yìí kò jọra rárá. Ibi tó rọ̀ díẹ̀ lójú tèmi ni “Quiet Houses”, ó ń tún ọ̀rọ̀ díẹ̀ kọ ju bó ṣe yẹ lọ.

* * *

Ẹ̀yin tó fẹ́ kọ wọ́n, “White Winter Hymnal” ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Èèyàn mẹ́rin tó. Kí gbogbo yín kọ́kọ́ mọ ohùn tó gbé orin náà dunjú, láìsí gìtá, kí ẹ tó pín ara yín. Lẹ́yìn náà kí ẹnì kan gba òkè: bí ohùn àárín bá wà lórí dò, òkè á wà lórí mì, ìsàlẹ̀ á sì wà lórí sọ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà níbi tí ohùn ti ń lé ara wọn, torí oníkálùkù máa ń wọlé nígbà tó bá wù ú. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa fi ẹsẹ̀ ka ìlù, kí ẹ sì fẹnu kò lórí iye ìlù tó gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹni kan àti èkejì.

Ẹ má gbọn ohùn. Kí ẹnu gbogbo yín sì ṣí bákan náà lórí “o” àti “a”, torí bí ẹnì kan bá la ẹnu ju àwọn yòókù lọ, tirẹ̀ nìkan lèèyàn á máa gbọ́. Láìsí ohun èlò, ohùn máa ń rọra sọ̀ kalẹ̀ láìfura. Ẹ tẹ dùrù lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn orin láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá ń dánra wò, ẹ má fi ẹ̀rọ kún ohùn yín. Gbohùngbohùn ẹ̀rọ máa ń bo àléébù mọ́lẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá kọ ọ́ láìsí i lẹ ó tó mọ̀.

* * *

Ẹ má fo àwòrán iwájú àwo náà. Pieter Bruegel Àgbà ló yà á lọ́dún 1559, ó wà ní Gemäldegalerie, ilé àkójọ àwòrán kan ní Berlin, òwe ilẹ̀ Nẹ́dálándì tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló sì kún inú rẹ̀. Kò ṣeé wò lójú fóònù. Ẹ ṣí odidi àwòrán náà gbàgàdà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí ẹni tó ń forí gbá ògiri, ẹ ó rí ẹja ńlá tó ń gbé kékeré mì.

Ìbéèrè kan ṣì kù tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń béèrè: ṣé Sun Giant, àwo kékeré wọn kan, ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ gbọ́, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ òun ló kọ́kọ́ jáde ní 2008? Rárá o. Òótọ́ ni pé ó ṣáájú jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àwo ńlá yìí ni wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Orin márùn-ún péré ni. Ẹ gbọ́ àwo ńlá tán, kí ẹ tó bọ́ síbẹ̀, kí ẹ wá fi “Mykonos” tó wà nínú rẹ̀ wé “Ragged Wood”, nítorí àwọn méjèèjì ló yí ojú padà láàárín orin.