"Onígúnmẹ́rin": ẹyẹ ni tàbí ìṣirò?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire.

Mo rí ọ̀rọ̀ tí àbúrò wa kan ṣẹ̀dá lánàá fún irú ìṣirò bíi x² − 5x + 6 = 0, tí Òyìnbó ń pè ní "quadratic equation". "Ìdọ́gba onígúnmẹ́rin" ló pè é. Àbúrò, igún mẹ́rin wo? Ẹyẹ tó pá lórí ni igún. Tó bá jẹ́ igun ilé lo ní lọ́kàn, tètè gbé àmì òkè yẹn kúrò.

Ká tiẹ̀ ní igun ni, ó ṣì mẹ́hẹ. Ilẹ̀kùn ní igun mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò sì dọ́gba; àwòrán x² ní tiẹ̀, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ló dọ́gba. Mo mọ ibi tó ti fà á yọ. Al-Khwarizmi, onímọ̀ ìṣirò ní Bàgídáádì, ní nǹkan bí ọdún 820, fi àwòrán yanjú x² + 10x = 39: ó fi 25 dí igun tó ṣófo kí ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà lè dọ́gba, 39 àti 25 di 64, ẹ̀gbẹ́ kan, ìyẹn x + 5, di 8, x di 3. Ó dùn mọ́ mi, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń kọ́ ọ ní Ìṣẹ́yìn ò rí àwòrán kankan. 2 kékeré tó gun x léjìká ló rí.

Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ "agbára", orúkọ tí àwọn kan fún 2 kékeré yẹn ("power" lẹ́nu Òyìnbó). Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ "alágbáraméjì", méjì yẹn ni ò tẹ́ mi lọ́rùn. Agbára kan ṣoṣo ni x² ní, ìkejì sì ni. "Alágbára-kejì" ni mo fọwọ́ sí. Ẹ má sọ fún mi pé ó wúwo lẹ́nu. Ẹnu tó ń pe 45 ní márùn-úndínláàádọ́ta ni.

Ẹlòmíràn tún ní ká máa pe kíkó 3x àti 2x pọ̀ di 5x ní "títú". Ọ̀gá mi, kí lẹ tú níbẹ̀? (x − 2)(x − 3) là ń tú, tó fi di x² − 5x + 6. Olùkọ́ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, "kó ọmọ ìyá jọ" ni wọ́n máa ń wí: x lọ́dọ̀ x, x² lọ́dọ̀ x². Ọdún 27 tí mo fi kọ́ni ní girama, òun lèmi náà lò.

Ẹni tó sì ní ká lé "áljẹ́brà", orúkọ ẹ̀ka ìṣirò tó ń lo x yìí, jáde nítorí pé ti Òyìnbó ni, ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ló ti wá, bíi àlùbáríkà. Ṣé ẹ óò lé ìyẹn náà?

Mo ń retí èsì, pàápàá lọ́dọ̀ ẹni tó kó igún wọlé.