Kánsù ní màmá lè dá ara wọn tọ́jú: kí ló kù ká ṣe?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará London. Màmá kan nínú ìjọ wa, ẹni ọdún 79, ni rọpárọsẹ̀ mú lápá òsì. Ọmọ wọn obìnrin ń gbé pẹ̀lú wọn, àmọ́ ó máa ń lọ síṣẹ́. Kánsù rán òṣìṣẹ́ wá yẹ̀ wọ́n wò, lẹ́tà sì dé pé wọ́n lè dá ara wọn tọ́jú. £31,000 wà ní báńkì wọn, àwọn kan ń sọ pé owó yẹn ló fà á. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Akọ̀wé SE15: Kò yẹ kó jẹ́ owó. Care Act 2014, òfin ìtọ́jú àgbàlagbà ní England, abala 9, ló pàṣẹ pé kí kánsù yẹ àgbàlagbà tó bá jọ pé ó nílò ìtọ́jú wò, ì báà lówó, ì báà má lówó. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìṣírò owó ń bọ̀. Tí owó ìfipamọ́ bá ju £23,250 lọ, màmá ni yóò san gbogbo owó ìtọ́jú. Tí kò bá tó £14,250, wọn ò ní ka owó ìfipamọ́ rárá. Láàárín méjèèjì, wọ́n á ka £1 lọ́sẹ̀ bí owó tó ń wọlé fún wọn, lórí £250 kọ̀ọ̀kan tó lé lórí £14,250. Wọn kì í ka ilé mọ́ ọn, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ inú ilé náà ni wọ́n ti ń tọ́jú wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú ni ìjókòó àyẹ̀wò yẹn gan-an. Ẹ ṣáà mọ àwọn ìyá wa. Kí òṣìṣẹ́ tó dé, wọ́n ti wẹ̀ fún màmá, wọ́n ti wé gèlè fún wọn. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ń dá wọṣọ, wọ́n ní "Mò ń wọ̀ ọ́, a dúpẹ́." Ó kọ "lè" sílẹ̀, ó kọjá síbòmíì. Òfin ò ka irú "lè" bẹ́ẹ̀ sí: tó bá ń dùn wọ́n, tó léwu, tó ń pẹ́ jù, tàbí tí ẹlòmíì gbọ́dọ̀ bá wọn ṣe é, wọn ò lè ṣe é nìyẹn. Nǹkan 10 ni wọ́n ń wò: oúnjẹ, ìmọ́tótó ara, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, aṣọ wíwọ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tí 2 bá kọjá agbára wọn nítorí àìsàn, tó sì ń ṣàkóbá gidi fún ìgbé ayé wọn, wọ́n yege fún ìtọ́jú kánsù.

Ìyá Ìbejì: Kí ọmọ wọn máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, tọ̀sán tòru. Kó má kọ "aṣọ wíwọ̀ ń le." Kó kọ: "Bùbá gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọwọ́ òsì ò wọnú apá aṣọ àfi tí mo bá fà á. Wọn ò lè fi ọwọ́ kan ró ìró." Kó gba ẹ̀dà ìwé àyẹ̀wò náà, ẹ̀tọ́ wọn ni. Kó wá kọ lẹ́tà sí kánsù pé kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Fóònù nìkan ò tó.

Kí kánsù wá ògbufọ̀. Ọmọ lè jókòó níbẹ̀, àmọ́ kó má ṣe ògbufọ̀: ọ̀pọ̀ ìyá ò ní jẹ́ kí ẹnu ọmọ wọn ló máa sọ ọ̀rọ̀ ìtọ̀ fún àlejò. Tí wọ́n bá kọ̀ síbẹ̀, ẹ fẹjọ́ sùn ní kánsù, lẹ́yìn náà lọ́dọ̀ Local Government and Social Care Ombudsman, àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ tí wọ́n bá fi sun kánsù, ọ̀fẹ́ ni. Àyẹ̀wò ti ọmọ náà gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú wà lọ́tọ̀, abala 10 òfin yẹn.

Ẹ béèrè occupational therapist pẹ̀lú, ẹni tó ń wo ohun èlò tí aláìsàn nílò nínú ilé. Irin ìdìmú, àga ìwẹ̀, ohunkóhun irú ẹ̀ tí kò bá ju £1,000 lọ, kánsù ò gbọdọ̀ gbowó rẹ̀.

Bàbá Kent: Attendance Allowance, owó tí ìjọba ń fún àgbàlagbà tó nílò ìrànwọ́, ńkọ́? Wọn kì í wo owó báńkì. Kí ẹni náà ṣáà ti nílò ìrànwọ́ fún oṣù 6. Tó bá jẹ́ ọ̀sán nìkan tàbí òru nìkan, iye kékeré ni. Tó bá jẹ́ méjèèjì, iye ńlá. Tí físà wọn bá sọ pé kò sí owó ìjọba, ẹ má gbà á láì kọ́kọ́ bá agbẹjọ́rò físà sọ̀rọ̀. Ní ti £31,000, kí wọ́n fi £10,000 sí àkáǹtì ọmọ, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Akọ̀wé SE15: Ẹ̀gbọ́n, ti Attendance Allowance dáa, àmọ́ ẹ má fi ti ìkẹyìn yẹn gbà wọ́n nímọ̀ràn. Tí kánsù bá rí i pé torí kí wọ́n má bàa san owó ìtọ́jú ni wọ́n ṣe gbé e kúrò, wọ́n á ṣì kà á bí ẹni pé ó wà lọ́wọ́ màmá. Abala 70 Care Act tún jẹ́ kí wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ ọmọ. Tí wọ́n bá fi owó náà tún balùwẹ̀ ṣe kí ó má máa yọ̀ wọ́n ṣubú, ìyẹn yàtọ̀. Kí wọ́n ṣáà tọ́jú rìsíìtì.